Itan Àgbò Láti Ilé Àlàájì

Ọrùn àgbò ni wọ́n máa ń gbé wá fún wa láti ilé Àlàájì ní gbogbo Iléyá. Ní àdúgbò wa ní Ṣakí, ẹran tó bá wọlé rẹ ló ń sọ ipò tí wọ́n fi ọ́ sí. Itan wà fún àna àti àwọn ẹni ńlá, ẹ̀gbẹ́ wà fún ọ̀rẹ́, ọrùn wà fún irú wa, ìdílé àgbẹ̀ oníṣu. Nítorí náà, lọ́dún tí odindi itan dé, ara fu mí.

Inú ìyá mi dùn. Mo ní kí wọ́n má tíì gbé e kaná, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wá. Bàbá mi ní èwo ni tèmi, ta ló ń dá ẹran Iléyá padà, ṣé mo fẹ́ sọ àwọn di ọ̀tá ni? Lóòótọ́, ẹni tó bá dá a padà ti bú onílé. Ẹni tó bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́? Wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Èmi ò fọwọ́ kàn án, ìyá mi sì ní agídí mi ti pọ̀ jù.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ wa máa ń sọ pé ọ̀tọ̀ ni owó, ọ̀tọ̀ ni iyì, ọ̀tọ̀ ni agbára, pé èèyàn lè ní ọ̀kan kó máà ní ìyókù. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí wọn Àlàájì. Owó ń bẹ, ó ní ilé epo. Agbára ń bẹ, ilé rẹ̀ ni àwọn kánsílọ̀ ti ń gba àṣẹ. Kí ló wá kù tó lè wà lọ́wọ́ bàbá mi? Mo gbà pé oko wa létí ọ̀nà Ìgbòho ni. Mo tiẹ̀ lọ wo ààlà rẹ̀.

Oko kọ́. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Àlàájì wá fúnra rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkùnrin tó jẹ́ pé inú mọ́tò ló ti máa ń kí bàbá mi! Ẹ̀rù bà mí. Ó béèrè bí orúnkún wọn ti ń ṣe, ó ní ó ń dun òun bó ṣe ń ni wọ́n lára láti dìde nígbà ìrun Jímọ̀. Ẹ̀yìn lémọ́ọ̀mù gan-an ni bàbá mi máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni bàbá tó bí wọn náà ń dúró sí, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn du ú. Àlàájì ní òun ti ra àga fún wọn, wọ́n á gbé e sẹ́bàá ògiri lẹ́yìn, lábẹ́ fáànù.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ fi àyè iwájú yẹn sílẹ̀ fún wa," ó ní.

Bàbá mi wolẹ̀. Ó yé wọn, mo mọ̀ pé ó yé wọn. Àmọ́ ẹran rẹ̀ ṣì kù nínú ìkòkò wa. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì dúpẹ́. Inú bí mi débi pé mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Iléyá mìíràn dé, wọ́n tún gbé ẹran wá láti ilé Àlàájì. Bàbá mi béèrè láti inú yàrá pé kí ni wọ́n gbé wá.

"Ọrùn ni, Bàbá."

Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì. Mo lọ, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.