Ìràwọ̀ Pupa Màmá Mi

Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe yìí, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà mí jù.

Látìgbà tí màmá mi ti kú ni mo ti máa ń wakọ̀ kúrò ní Toronto lọ sí etí omi ní Bowmanville, kí n lè ya ojú ọ̀run ní fótò. Ìràwọ̀ pupa kékeré kan kì í yé wà nínú ẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí Daddy n'Íbàdàn. Mo ní, "Daddy, Màmá rèé o." Wọ́n sunkún. Látìgbà yẹn, wọn kì í sùn láì jáde sẹ́yìnkùlé lọ wá a.

Lónìí, bọ́tìnì kámẹ́rà mi há, mo bá gbé e lọ fún ọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe náà. Ó rí àwọn fótò yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí kì í ṣe ìràwọ̀. Ibì kan ló ń tàn fúnra ẹ̀ nínú kámẹ́rà ẹ."

Ó fi ìdérí bo ojú kámẹ́rà, ó yà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ dúdú kirikiri. Ìràwọ̀ mi ṣì wà níbẹ̀.

Mo já kámẹ́rà mi gbà. Inú mọ́tò ni mo ti pe Daddy kí n sọ òótọ́ fún wọn. N ò tíì lanu tí wọ́n fi ní:

"Àdùkẹ́, mo tún rí i lánàá o. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé wa."

Mo ní, "Ẹ bá mi kí Màmá, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú kámẹ́rà mi nìkan ni ìràwọ̀ yìí wà. Kí wá ni Daddy ń rí?