Irin Tí Mo Nà Ní Tútù

Bí mo bá ti gbọ́ tí òòlù ń kan irin tútù, inú a máa bí mi sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀ bí ẹní mowó: èmi fúnra mi, lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi wá kọ́ni ní físíìsì ní Ifangni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹnu mi kì í sinmi. Díẹ̀ ló kù kí n máa fi Faransé kí adìyẹ.

Lọ́jọ́ kan, mo kọ́ àwọn ọmọ nípa irin tí a bá tẹ̀. Mo ní àwọn ẹyọ tíntìntín inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè oko ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n àbùkù wà láàárín wọn, níbi tí ìlà kan ti já. Bí irin bá ń tẹ̀, àwọn àbùkù yìí ló ń rìn. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, wọn á pọ̀ sí i, wọn á lọ́ mọ́ra, wọn á dí ara wọn lọ́nà, títí irin á fi le gbagidi, tí kò ní lè tẹ̀ mọ́ àfi kó kán. Iná ló ń tú wọn ká. Mo tẹ wáyà kan lọ, mo tẹ̀ ẹ́ bọ̀ lójú wọn, ó kán, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Èrò ló fi ń gbé lọ sí Tchaada, òun la fi ń jẹun, òun ló sì fi rán mi níwèé. Irin tó máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ fún bíréèkì wọ́. Mo gba òòlù, mo nà án ní tútù. Ó tún wọ́, mo tún nà án, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bàbá alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa dúró, ó ní, "Jẹ́ kó rí iná ná." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ìwé wo lẹ ti kà á?" Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó fọkàn balẹ̀, irin náà ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó le lóòótọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ni kò gbà. Òmùgọ̀ tó ní dípílọ́mù, ta ló fẹ́ gbà á sílẹ̀?

Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Tchaada, irin náà kán lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, alùpùpù sì gbé e lu igi ọ̀pẹ. Orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́ títí dòní. Kò gbé èrò mọ́. Iwájú ilé ló ń jókòó sí, ẹsẹ̀ kan nínà gbọọrọ.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin rẹ̀ wọ kíláàsì mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a tó jókòó tì í, tó ń ka ìwé rẹ̀ sókè, tó sì ń túmọ̀ Faransé inú rẹ̀ fún un: "Iná ló ń tú wọn ká." Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wò mí.

Ó ní, "Láti ọdún wo lo ti ń kọ́ wọn ní èyí?"

Mo ní, "Láti ọdún àkọ́kọ́."

Ó fọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà, kí n lè ráyè wọlé.