Alàgbà Sewanu Kò Gba Bóyá

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni ìwé ìpè wí. Agogo mẹ́jọ ni Alàgbà Sewanu dé ilé Zinsu, ọmọ àbúrò rẹ̀, ní Kankon, láti sọ ọmọ tuntun lórúkọ gẹ́gẹ́ bí àgbà ẹbí. Kò sí àga. Kò sí ìbòji. Àṣàbí, ìyá ọmọ, nìkan ló wà ní àgbàlá, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Zinsu dà?"

"Wọ́n lọ kó àga wá ní Mowo, Bàbá. Wọn ò ní í pẹ́."

"Wọ́n ti pẹ́."

Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé orúnkún. Ní agogo mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ náà dún pé àkókò ètò ti tán. Bàbá dìde. Ó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó pè é ní orúkọ tí Zinsu ti fi ránṣẹ́ sí i, ó gbàdúrà, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Zinsu tó ń já àga sílẹ̀.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ? A ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"A ti parí. Ọmọ rẹ ti ń jẹ́ Daniel láti agogo mẹ́sàn-án. Bí o bá ń wá ẹlẹ́rìí, bi ewúrẹ́."

Wọ́n ní olórí kunkun ni. Irọ́ ni. Ta ló kọ agogo mẹ́jọ?

Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé ní èbúté, tó ń kọ àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi, á ní, kì í dúró de ẹni tó ń kun àtíkè. Nígbà tí Bọ́ládé, ọmọ rẹ̀, ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún un, tó sì fi kàlẹ́ńdà inú rẹ̀ hàn án, àfi bí ẹni pé wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìpàdé ẹbí. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ.

Obìnrin kan láti Gbaji wá fi ẹnu pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ọjọ́ wo?"

"Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, Bàbá."

"Ọyẹ́ ò sí nínú kàlẹ́ńdà mi. Lọ mú ọjọ́ wá."

Ohun tó ń bí i nínú jù ni Bóyá. Kàlẹ́ńdà náà máa ń bi ẹni tí Bàbá bá pè sí ìpàdé ẹbí: ṣé o ń bọ̀, o ò bọ̀, tàbí bóyá? Zinsu, tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ṣì ń dùn ún, Bóyá ló ń tẹ̀ nígbà gbogbo. Bàbá pè é lórí fóònù.

"Kí ni Bóyá?"

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ni, Bàbá."

"Oòrùn Ọlọ́run yọ lásìkò láàárọ̀ yìí. Ìwọ ni mo ń bi."

"Ọjọ́ tí ẹ bá rí mi lásìkò, Bàbá, ẹ mọ̀ pé inú mi ti rọ̀."

Ọdún méjì. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí oṣù tí Bàbá kò fi ìpè ránṣẹ́ sí i. Kò sí oṣù tí Bóyá kò padà wá.

Ní oṣù Kẹta tó kọjá, Alàgbà Sewanu kú. Bọ́ládé fi ìpè ìsìnkú ránṣẹ́ láti inú tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Agogo mẹ́jọ. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, Zinsu ti dáhùn. Ó ń bọ̀.

Agogo méje ààbọ̀, àgbàlá ti kún. Ará Kankon, ará Mowo, ará Gbaji. Zinsu ló kọ́kọ́ dé, ó di Daniel lọ́wọ́ mú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì dé, ẹni tí a torí rẹ̀ péjọ. Mọ́tò tó ń gbé òkú bọ̀ ti kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Tábúlẹ́ẹ̀tì dún: agogo mẹ́jọ. Kò sí Bàbá. Mẹ́jọ ààbọ̀. Kò sí Bàbá. Ẹnì kan pa ẹ̀rín mọ́nú, kò lè pa á mọ́ mọ́, gbogbo àgbàlá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Zinsu kò rẹ́rìn-ín. Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Bọ́ládé, ó wá ìpè náà rí, ó sún agogo mẹ́jọ sí agogo mẹ́wàá. Ohun tí Bàbá kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ rọra máa bọ̀, Bàbá," ló wí. "A ò tíì bẹ̀rẹ̀."