Fáìlì Tó Ń Jẹ Àmì Ohùn

Bàbá mi ló pè mí. Àárọ̀ Sátidé ni, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nínú ilé tí mo háyà ní Ìgàndó, nítòsí Egan.

"Ta ló ní kí o máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i?"

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Mo fi àmì sí i, Dádì."

"Èmi ni mo wá ń purọ́ nìyẹn?"

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ síńbọ́ọ̀dù fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Ìkọ̀tún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, kó tó wá fẹ̀yìn tì sí Ìjẹ̀gùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ àwòrán yíyà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, màá ya ìtàn aláwòrán lórí kọ̀ǹpútà, màá sì gbé e sórí ìkànnì mi. Ìtàn obìnrin kan tó ń wa kórópe, bọ́ọ̀sì kékeré akérò, ni.

Nínú ojú ewé tó fa ìbínú bàbá mi, obìnrin yìí ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo yà. Ohun tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ ni "Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́." Nígbà tí mo wo ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ọkọ tó fẹ́ ẹ ni wọ́n rò pé ó ń sọ. Ẹnì kan ní kó má kúrò nílé ọkọ o, kó máa gbàdúrà. Ẹlòmíì ní kó kó ẹrù rẹ̀ jàre.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà inú bí mi, torí pé gbogbo àmì ló pé lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo wá ṣí ojú ewé náà lórí fóònù. Ìdọ̀tí bí eérú yí gbogbo lẹ́tà ká, bí ìgbà tí èèyàn fi rọ́bà pa pẹ́ńsùlù tí kò mọ́. Àmì orí "ọkọ̀" ti pòórá.

Mo mọ ohun tó fà á. JPEG ni mo máa ń fi àwòrán pamọ́ sí, mo sì máa ń fún un pọ̀ gan-an kó má baà jẹ dátà àwọn tó ń kà á. Irú fáìlì yìí máa ń da àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ojú kò ní wá nù, kó lè fúyẹ́. Fún fọ́tò, kò burú. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, nǹkan wẹ́wẹ́ ló ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fi ojú ewé kan náà pamọ́ sí PNG, tí kì í da nǹkan kan nù. Àmì mọ́ kedere. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ẹni tí kì í fi ojú ewé mi kankan sílẹ̀ láìkà. Ó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. A dúró. Ó rán ọwọ́ aṣọ kan tán, fóònù ṣì ń yí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kó sínú ẹ̀?"

"Ó wúwo díẹ̀ ni."

"Ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà ṣá. Ìyẹn tiẹ̀ ń ṣí."

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ bá bàbá mi ní Ìjẹ̀gùn, mo gbé kọ̀ǹpútà dání. Mo ti tún gbìyànjú WebP, irú fáìlì tuntun kan tó fúyẹ́ tí lẹ́tà sì mọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù bàbá mi ti pẹ́. Ó gba àwòrán náà wọlé, ó kọ̀, kò ṣí i.

Bàbá mi wọ awò ojú rẹ̀, ó wo ojú ewé náà lórí kọ̀ǹpútà.

"Àwọ̀ mélòó ló wà níbí?"

"Ó lè tó ẹgbẹ̀rún sà. Mò ń pò wọ́n pọ̀ kí ojú ẹ̀ lè dán ni."

"Ẹgbẹ̀rún! Ọ̀dà mẹ́rin péré ni mo máa ń gbé jáde nílé."

Kò fi ṣe ìmọ̀ràn, ó kàn ń fọ́nnu ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé PNG máa ń fúyẹ́ gan-an tí àwọ̀ inú rẹ̀ bá kéré. Ó dùn mí láti dín àwọ̀ kù, torí ó pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn dán nínú àwòrán. Mo jókòó síbẹ̀, mo yọ gbogbo òjìji kúrò. Mo fi dúdú, funfun, pupa àti àwọ̀ ìyeyè sílẹ̀, pẹ̀lú eérú díẹ̀ fún etí àwọn lẹ́tà.

Mo tún fi pamọ́ sí PNG, fóònù bàbá mi sì ṣí i. Mo fi ránṣẹ́ sí aránṣọ, ó fèsì kíá: "Ó ti ṣí o. Àṣé mọ́tò ni! Mo ti ń bú ọkọ ọlọ́kọ láti àná."

Bí mo ṣe ń fi wọ́n pamọ́ nìyẹn títí di òní. Àwọn kan béèrè ibi tí àwọ̀ dídán lọ, mo ṣàlàyé fún wọn. Mo tún àwọn ojú ewé àtijọ́ ṣe, àyàfi mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. JPEG nìkan ló kù lọ́wọ́ mi nínú ìwọ̀nyẹn, ohun tó bá sì ti dànù, PNG kò lè dá a padà. Mo sọ fún bàbá mi pé bóyá kí n tún wọn yà.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ó wí. "Mo gbàgbé lẹ́tà kan nínú síńbọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí mo kọ. Oníṣọ́ọ̀bù náà lò ó bẹ́ẹ̀ títí ó fi kó lọ."

Mo fi wọ́n sílẹ̀.