Lupok, Níbi Tí Páìpù Ti Ń Bẹ́

Ọwọ́ Eleuterio Sumagaysay, tí wọ́n ń pè ní Teryo, yá. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ní abúlé Tuburan-Ilaya nìyẹn, òun náà kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ nǹkan mìíràn. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lù lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo abúlé dúró sójú kan láti gbàdúrà, òun nìkan ni kì í dúró. Yóò ki kọ́kọ́rọ́ irin gígùn bọ fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí omi abúlé tí wọ́n sì fi ń tì í, yóò sì tì í pa kí agogo tó dákẹ́. Omi ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ máa dà nígbà tí èèyàn ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ta ló ṣòfin yìí? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ta ló ń pa á mọ́? Gbogbo wọn.

Bó bá ti tì í báyìí, páìpù á dún gbì! bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu àgbá. Lọ́pọ̀ ìgbà, á bẹ́. Ibì kan náà ló sì ti ń bẹ́: Lupok, ìletò kékeré kan ní agbedeméjì òkè, níbi tí páìpù onírin tí olórí àdúgbò kan rì ti pàdé páìpù oníke tí ẹni tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ rì. Olórí tuntun kò lè parí iṣẹ́ tí orúkọ ọ̀tá rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìdí tí irin kò fi dé ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Ẹnjiníà kan wá láti ìlú Iloilo. Ó ní omi tó ń sáré dà bí agbo màlúù: bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú lójijì, á fi agbára padà sẹ́yìn, oríkèé ibi tí ike ti so mọ́ irin ló sì máa jìyà rẹ̀. "Ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀." Ìgbìmọ̀ àdúgbò pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó lọ tán, wọ́n pinnu láti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun páìpù náà látòkè délẹ̀, kí irin àti ike má baà máa rí ara wọn bí àjèjì. Wọ́n kùn ún. Ó bẹ́. Wọ́n tún kùn ún.

Nígbà tí ọdún San Isidro, ẹni mímọ́ abúlé náà, ń sún mọ́lé, Fulgencio, olórí àdúgbò tí gbogbo wọn ń pè ní Kap, ránṣẹ́ pe Teryo, tó máa ń pè ní Manong torí pé ó dàgbà jù ú lọ.

"Manong Teryo, aṣojú gómìnà ń bọ̀. Bí páìpù bá bẹ́ lójú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn á kúrò lọ́wọ́ yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, apá rẹ̀ dà bí ìtì igi."

"Kap, agogo ńkọ́?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí agogo tó lù. Ẹ rọra máa yí i."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Màá bá fadá sọ̀rọ̀."

Teryo kò níyàwó mọ́, kò bímọ. Kọ́kọ́rọ́ náà ló ń mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú lọ́jọ́ ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí i. Páìpù dákẹ́. Lupok gbẹ.

Kò sí ẹ̀rọ omi kankan ní Lupok. Omi tó ń tú jáde lójú oríkèé yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń sè, tí wọ́n fi ń wẹ̀. Nígbà kan tí Teryo bá wọn tọrọ ẹ̀rọ, ohun tí Kap sọ ni pé, "Lupok? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni páìpù ti ń bẹ́ ni? Àwọn gan-an ló lómi jù."

Presing, ẹ̀gbọ́n Teryo lóbìnrin tó ń fọṣọ fún oníbàárà ní Lupok, gbé abọ́ ìfọṣọ gbígbẹ sọ̀kalẹ̀ wá, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Teryo.

"Teryo, ṣé ara ẹ ò yá ni?"

"Ara mi le, Manang."

"Kí ló wá dé tó o fi ń fọwọ́ kan fáàfù bí ìyàwó tuntun?"

"Kap ló ní..."

"Ṣé Kap ló bí ẹ? Aṣọ oníbàárà kún ilé mi, ó ń rùn bí òkú ewúrẹ́!"

"Tó bá bẹ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Bu kọ́kọ́rọ́ náà fún mi kí n mu ún."

Lọ́jọ́ ọdún, ẹgbẹ́ onífèrè ń fọn, ẹlẹ́dẹ̀ sísun wà lórí tábìlì, aṣojú gómìnà sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Kap ṣẹ́jú sí Teryo pé kó bẹ̀rẹ̀. Teryo wo òkè. Àwọn obìnrin Lupok ti tò yí oríkèé náà ká pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn, abọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wo ère San Isidro nínú wọn.

Agogo lù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì tì í pa lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbì!

Omi fò ga ju igi àgbọn lọ. Aṣojú gómìnà dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Kap! Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ lómi tó ń jó!" Kap tẹríba, ó gba ìyìn. Ọkùnrin náà ṣèlérí pé òun á fi ọ̀dà púpọ̀ sí i ránṣẹ́.

Síbẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ Kap kì í yẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò gbọ́ nípa ẹnjiníà kankan rí, páìpù sì wá ń bẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Teryo kó lọ sọ́dọ̀ Presing. Lọ́sàn-án, á gbé garawa jókòó ti oríkèé náà.

Gbì! Omi á tú jáde.

"Ọwọ́ ọmọ yẹn yá," Presing á wí.

"Ó pẹ́," Teryo á dáhùn, inú á sì máa bí i. "Agogo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ kó tó tì í."