Òkìtì Tí Wọ́n Dáná Sun ní Gberefu

Òórùn ìfun ẹja tó ń jẹrà pọ̀ mọ́ èèpo àgbọn ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́yìn ilé wa ní Gberefu. Yanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, láti ọ̀sà títí dé òkun; bí òjò bá rọ̀ sí i, bí ẹni da omi sínú ajere ni. Ìyàwó mi ló ń kó ìfun ẹja, èèpo àgbọn, eérú àti ojú oró inú ọ̀sà jọ sí òkìtì kan, á máa bu omi sí i, á máa yí i, títí á fi dúdú. Ọdún mẹ́fà ló fi bọ́ ilẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ yẹn là ń jẹ nígbà tí òkun bá ń ru, tí ọkọ̀ ò lè jáde.

Ayé òyìnbó nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wolé-wolé dé, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, nínú ṣòkòtò kakí.

“Ìyá, ẹ palẹ̀ ẹ̀gbin yìí mọ́.”

“Ẹ̀gbin kọ́ o, ọ̀gá. Oúnjẹ ilẹ̀ ni.”

“Ilẹ̀ lẹ́nu?”

“Bí kò bá lẹ́nu, kí ló fi ń gbé òkú mì?”

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó na ìwé kan sí mi, ó ní àṣẹ ìjọba ni. Mo ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà nígbà náà, mo sì kà á tán. Agolo àti ìkòkò fífọ́ tí ẹ̀fọn ń yé sí ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ òkìtì. Mo wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, mo ká ìwé náà, mo dá a padà fún un. Ó da kẹrosíìnì sórí òkìtì náà, ó ṣáná sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni èèpo àgbọn fi ń rú èéfín. Lọ́dún náà, ẹ̀gẹ́ wa ò ju ìka ọwọ́ lọ.

Kí ọdún méjì tó pé, ìjọba yìí kan náà rán olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí wa. Ó kó wa jọ, ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń to ewé àti ìfun ẹja kí wọ́n lè jẹrà, kí yanrìn lè di omi mú. Ó ní ọgbọ́n tuntun ni!

Ìyàwó mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wolé-wolé gbọ́ pé ẹ ń bọ̀?”

Inú bí mi débi pé mo dìde. Mo ro gbogbo bí wọ́n ṣe sun òkìtì náà fún olùkọ́ náà, títí kan ohun tó wà nínú ìwé náà. Olùkọ́ náà ní ọ̀rọ̀ wolé-wolé ò kan iṣẹ́ tòun. Ìyàwó mi yíjú sí mi.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn?”

Mo tún jókòó. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí báyìí. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wa pé ìjọba yẹn ló kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀, mo máa ń dìde kúrò láàárín wọn. Àmọ́ wolé-wolé ò mọ ohun tó ń sun. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀wé kà, mo dákẹ́.