Kíbọ́ọ̀dù Tí Kò Gbọ́ Ti Ìka Mi Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Nígbà tí mo ń retí lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yóò fi pè mí, àwọn ló máa ń lọ gba lẹ́tà ilé wa ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ní Èkìtì. Wọ́n ní kò sí èyí tó dé fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú ìyá wa tó ń ṣàìsàn kí n tó rí ọ̀nà mìíràn gbà kàwé. Àwọn ti wà ní Èkó nílé ọkọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi wọ́n. Èsì kan náà ni: "Lẹ́tà wo? Kò sí lẹ́tà."

Opó ni àwa méjèèjì báyìí, a sì jọ ń gbé ilé kan ní Ìsọlọ̀.

Lọ́dún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn lẹ́tà náà sínú kọ̀ǹpútà mi, kí àwọn ọmọ wa lè mọ òótọ́ kí n tó kú. Mo kọ ọ́ pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, pé wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Mi ò sí níbẹ̀ o. Ohun tí ọkàn mi sọ fún mi ni. Ibẹ̀ ni mo dé tí kíbọ́ọ̀dù fi yarí. Mo kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé. Ìka mi kì í pẹ́ lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, bóyá méjì ni yóò jáde.

Mo mọ ẹni tí kò fẹ́ kí ìtàn yẹn parí. Mo gbóòórùn kíbọ́ọ̀dù náà, bóyá wọ́n da omi ẹ̀kọ sí i. Kò rùn. Mo ra aṣọ ní ọjà Aswani, mo fi bò ó, mo fi okùn dì í, mo ta okùn náà ní kókó méjì. Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kókó kan ni mo bá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ó ń se ọbẹ̀ ni?"

Mo gbé e lọ sí Ṣógúnlé, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó so kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ mọ́ ọn; ìyẹn náà ò gbọ́.

"Mà, kíbọ́ọ̀dù yín ò ní nǹkan kan. Inú kọ̀ǹpútà lọ̀rọ̀ wà. Ètò kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wéré, kò ní kà á sí. Àfi kí ẹ fìka pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹnìkan ló fìka pẹ́ lórí bọ́tìnnì kan tó wà lápá ọ̀tún, kọ̀ǹpútà wá bi í bóyá ó fẹ́ ètò náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀ nílé yín, mà."

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu ẹ̀gbọ́n mi ni ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n. Obìnrin náà pa ètò yẹn, èmi sì jókòó síbẹ̀, mo ka ìtàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pé, títí kan ibi tí mo ti pè wọ́n ní olè. Òjò nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì ṣa ẹ̀wà. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ yọ òjò kúrò?"

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ṣa òkúta kan, wọ́n jù ú nù. Wọ́n ní, "Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oòrùn ló mú, débi pé òógùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orúkọ rẹ rẹ́ lára lẹ́tà náà."